Ilé ìwé kì í ṣe ilé gbígbé: ẹ má gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé kíláàsì àtijọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìròyìn kan wà tí kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn yín, tí inú gbogbo wa sì máa ń dùn sí: ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde ilé ìwé girama kan fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun fún àwọn àbúrò àwọn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti há, ní Èkó, ní àárín ìlú Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n sábà máa ń pinnu ni pé kí wọ́n ṣí páànù orí kíláàsì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n da dẹ́kìn lé ògiri rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ lọ sókè. Wọ́n á ní láti ayé àwọn òyìnbó mísọ́nnárì ni ògiri yẹn ti wà, kò sì mì. Àwọn mìíràn tó rí ilẹ̀ tuntun á mú àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé gbígbé, wọ́n á yọ ògiri àárín yàrá kúrò kí ó lè gba ọmọ ilé ìwé, wọ́n á sì pe bíríkìlà. Ìpinnu méjèèjì yìí léwu, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ibi tí ewu náà wà, pẹ̀lú ìwọ̀n àti iye, kí ẹni tó ń dáwó lè mọ ohun tí yóò béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ilé ìwé ọmọdé sì wà ní àjà òkè rẹ̀. Bí ogún ènìyàn ló bá a lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ìwé kan wó lulẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ènìyàn 22 ló kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau ní ilé náà kò lágbára, àti pé etí odò ló wà. Ilé àti ilẹ̀: nǹkan méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù. Ìwé ìṣírò tí àwa ẹnjiníà ilé ní Nàìjíríà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní BS 6399, sọ pé nínú ilé gbígbé, kí á ṣírò kílò 150 fún ènìyàn àti ẹrù wọn lórí mítà kan níbùú lóòró. Fún kíláàsì, ó di kílò 300. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn ilé ìwé, ó di 400. Gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ ṣeé gbé kiri jẹ́ 500. Yàrá tí wọ́n ń to ìwé sí ní láíbìrì ló wúwo jù: kílò 240 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ṣẹ́ẹ̀fù bá ga, kò sì gbọdọ̀ dín ní 650. Ẹni tó bá fi àwòrán ilé gbígbé kọ́ ilé ìwé ti sọ ẹrù di ìlọ́po méjì ní kíláàsì, ó sì lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tó po sìmẹ́ǹtì kankan rárá.

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wúwo ju kíláàsì lọ. Ẹ ronú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aago bá lù. Ní kíláàsì, olúkúlùkù ọmọ jókòó sí àyè tirẹ̀, àga àti tábìlì pín wọn níyà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíláàsì mẹ́ta yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò fún ara wọn pọ̀, bọ́ọ̀lù lè máa lọ lọ́wọ́ lórí pápá kí gbogbo wọn sì gbára lé ògiri iwájú láti wò ó. Tí ẹnì kan bá wá kígbe pé iná tàbí ejò, gbogbo wọn ni yóò sá gba ojú kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìṣírò fi ní kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn le ju ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé lọ.

Wàyí o, kíláàsì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé òkè lé. Ìpìlẹ̀ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í ju kọnkéré tó fẹ̀ ní mílímítà 675, tó nípọn ní 225, lọ. Ó tó fún un nígbà yẹn, torí pé ara rẹ̀ àti páànù ló ń gbé. Ògiri tó wà láàárín kíláàsì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbé bíi tọ́ọ̀nù méjì lé mítà kọ̀ọ̀kan ìpìlẹ̀ náà. Ẹ da dẹ́kìn kan lé e, ẹ kọ́ ògiri òkè, ẹ kó ọmọ sí i: ó di bíi tọ́ọ̀nù 7. Ẹ tún da èkejì: ó di 12. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni ẹ ń di ìlọ́po mẹ́fà lé lórí yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọ̀, ògiri ni. Ilé ìwé wa nílò afẹ́fẹ́, nítorí náà fèrèsé ló gba ọ̀pọ̀ ògiri rẹ̀. Nínú mítà 4.5 ògiri, kí fèrèsé àti ilẹ̀kùn gba mítà 3, ìwọ̀nba mítà 1.5 ló kù láti gbé gbogbo ẹrù. Tọ́ọ̀nù 7 lórí mítà kọ̀ọ̀kan di tọ́ọ̀nù 31 àbọ̀ lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ péré. Búlọ́ọ̀kù tó dára lè gbìyànjú. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ọwọ́ lù, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ 45 tàbí 50, dípò 25 sí 30 tó yẹ kí inch mẹ́sàn-án jẹ́, kò ní í gbé e. Ti ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú tilẹ̀ burú jù, nítorí omi tó bá rin ín látinú ni yóò sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà, ẹni tó wà níta kò sì ní í rí i.

Àwọn bíríkìlà tó mọ̀ pé ògiri kò lè gbé e máa ń gbọ́n ọgbọ́n kan: wọ́n á gbẹ́ ojú ògiri, wọ́n á fi òpó kọnkéré sínú rẹ̀, wọ́n á ní òpó ló ń gbé dẹ́kìn báyìí. Orí kí ni òpó yẹn dúró lé? Orí ìpìlẹ̀ 675 kan náà ni. Wọ́n kó ẹrù kúrò lórí ògiri gígùn, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ gún ojú kan. Bí ilẹ̀ kò bá sí rárá, ẹ wó kíláàsì àtijọ́ náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó máa ń dun àwọn àgbà ẹgbẹ́ nítorí ìrántí tó wà nínú ilé náà, mo sì mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ojúlówó kíláàsì tí kò ní òkè sàn ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jókòó lé ògiri tí kò mọ̀ ọ́n rí lọ.

Fún ẹni tó ń kọ́ tuntun, òpó kan ṣoṣo tó láti fi ṣàlàyé. Kí kíláàsì gùn ní mítà 9, kó fẹ̀ ní 7.5, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní 2.4, kí òpó máa tẹ̀lé ara wọn ní mítà 4.5. Òpó tó wà láàárín kíláàsì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò gbé ìdajì kíláàsì lápá kan, ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá kejì. Àyè tí òpó yẹn ń gbé lé ní méjìlélógún irú mítà kan níbùú lóòró. Dẹ́kìn tó nípọn ní mílímítà 150 nìkan jẹ́ kílò 360 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ro bíìmù (kọnkéré gbọọrọ tó dábùú láti òpó dé òpó), ògiri, táìlì, àwọn ọmọ àti àga wọn mọ́ ọn, àjà kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi tọ́ọ̀nù 26 lé òpó yẹn. Ilé tó ní ìsàlẹ̀ kan àti òkè méjì, tòun ti òrùlé àti ògiri ìsàlẹ̀, ń lọ sí tọ́ọ̀nù 65 ní ẹsẹ̀ òpó kan. A kì í sì í fi 65 yẹn ṣírò lásán. Òfin ní kí á fi 1.4 sọ ìwúwo ilé di púpọ̀, kí á fi 1.6 sọ ti ènìyàn di púpọ̀, kí ààlà lè wà láàárín wa àti àjálù. Ó di tọ́ọ̀nù 94.

Òpó tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ láti orí ilé gbígbé ni ti inch 9 sí inch 9, ìyẹn mílímítà 225 sí 225, tó ní irin 16mm mẹ́rin nínú. Bí kọnkéré rẹ̀ bá dára dé ìwọ̀n agbára 25 tí àwòrán béèrè (ìyẹn níútìn 25 lórí mílímítà kan níbùú lóòró), bíi tọ́ọ̀nù 66 ló lè gbé nínú ìṣírò. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré olómi tó ń jáde níbi iṣẹ́ tí kò sí alábòójútó, tí kò ju 15 lọ, ó di 48. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni a sì gbé lé e. Ohun tó yẹ níbẹ̀ ni òpó 225 sí 450 pẹ̀lú irin 16mm mẹ́fà, kí ríìngì rẹ̀ má jìnnà sí ara wọn ju mílímítà 190 lọ. Níbi iṣẹ́, ẹ ó máa rí ríìngì tó jìnnà ní 300. Iṣẹ́ ríìngì ni láti di irin gbọọrọ mú kí ó má baà ta jáde bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá jìnnà, irin á yọ ìhà, kọnkéré ara òpó á sì bọ́ dànù bí èèpo igi.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wa ni pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé náà kò wó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ààlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ilé náà ń jẹ. Ó lè jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà irin yóò dípẹtà díẹ̀, òjò yóò rin ilẹ̀ ẹsẹ̀ òpó, ọ̀gá ilé ìwé yóò ra táńkì ńlá kan sórí ilé, ìgbà yẹn ni kò ní í sí ohun tó kù láti jẹ mọ́. Ẹni tó bá sọ pé ilé òun ti pé ọdún mẹ́wàá kò tíì sọ pé ó lágbára.

Bíìmù ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe jù lọ, torí pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Yàrá ilé gbígbé kì í sábà ju mítà 3.6 lọ. Kíláàsì jẹ́ 7.5. Ènìyàn á rò pé ìlọ́po méjì ni. Ṣùgbọ́n agbára tó ń fẹ́ ṣẹ́ bíìmù kì í dúró ní ìlọ́po méjì: bí ìbú bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin, wíwọ̀ tí bíìmù ń wọ̀ sílẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Láti 3.6 sí 7.5, agbára náà lé ní ìlọ́po mẹ́rin, wíwọ̀ náà sì súnmọ́ ìlọ́po mọ́kàndínlógún. Irin 16mm méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ bíìmù yàrá kò ní í ṣe nǹkan kan níbí. Fún kíláàsì tí mo júwe yẹn, bíìmù tó jìn ní mílímítà 600, dẹ́kìn mọ́ ọn, tó sì ní irin 25mm mẹ́rin nísàlẹ̀, ni ìṣírò mú jáde. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n fẹ́ da bíìmù 450 lórí kíláàsì ńlá, kó béèrè ìṣírò kí wọ́n tó kan pákó.

Nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n yọ òpó ìta kúrò, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa nà jáde láìní ìdúró, kí iwájú ilé lè mọ́ rekete. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ na ọwọ́ yín jáde kí ẹ gbé garawa omi kọ́ ọ. Òkè èjìká ni iṣan ti ń fà, kì í ṣe abẹ́ apá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí: òkè dẹ́kìn ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú kíláàsì padà tó ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn tó nà jáde. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń tẹ irin pé bí wọ́n bá dì í sísàlẹ̀ bíi ti yàrá, kò yàtọ̀ sí pé kò sí irin rárá. Ṣùgbọ́n kódà bí wọ́n bá dì í sókè, ọjọ́ tí wọ́n ń da kọnkéré ni ìjọ̀ngbọ̀n. Àwọn lébírà á gbé páànù kọnkéré lórí, wọ́n á máa rìn lórí irin náà, á sì máa rì. Dẹ́kìn tó nípọn ní 200, irin rẹ̀ yẹ kó wà ní bíi mílímítà 169 láti ìsàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ wọ̀ ní mílímítà 50 péré, tí ẹnikẹ́ni kò gbé e padà, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti lọ. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: àga irin tí wọ́n fi ajẹkù irin 12mm tẹ̀ láti gbé irin òkè dúró, ní mítà kọ̀ọ̀kan, àti pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa gbà rìn. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tí irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ wo ilẹ̀ rẹ̀ lókè, lẹ́bàá ògiri kíláàsì gan-an, níbi tí ẹnu ilẹ̀kùn wà. Bí ẹ bá rí ojú tó là gbọọrọ tó ń bá ògiri lọ, tí omi ń gbà á jò sísàlẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ìsinmi.

Ògiri kékeré tí wọ́n ń kọ́ sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù lásán. Kí ó ga tó mítà 1.1, kí òpó kọnkéré kékeré tí irin rẹ̀ ti inú dẹ́kìn jáde wà nínú rẹ̀ ní mítà méjì méjì, kí wọ́n fi bíìmù tín-ínrín dé e lórí. Àwọn ọmọ yóò gbára lé e dandan.

Kọnkéré tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 25 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ bíi lítà 35. Kí káfíńtà kan àpótí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 33 ní gbogbo ìhà; àpótí yanrìn kan àbọ̀ àti òkúta mẹ́ta fún àpò kan, omi lítà 25. Hẹ́ẹ̀dì-páànù kò dára tó fún wíwọ̀n, nítorí pé bí ó ti ń rẹ àwọn òṣìṣẹ́ ni òkìtì orí rẹ̀ ń yí padà. Omi ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí kọnkéré bá ń le lọ́wọ́, wọ́n á fi họ́ọ̀sì rọ omi sí i kó lè ṣàn. Lítà mẹ́wàá péré lé lórí 25 yẹn lè mú ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀ lára àpò: láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti sọ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni kí wọ́n fi da kọnkéré. Ẹ wo ara àpò.

Irin ńkọ́? Irin 12mm tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọn bíi kílò 10.7, ti 16mm gbọ́dọ̀ wọn bíi kílò 19. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n kí wọ́n tó já a sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n pè ní 12mm tí ojú rẹ̀ jẹ́ 10.5 yóò wọn kílò mẹ́jọ àti díẹ̀, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ẹnjiníà ṣírò lé ni kò sí nínú rẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bísíkíìtì kọnkéré tí wọ́n ń fi sábẹ́ irin kí kọnkéré lè bò ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, mílímítà 25 fún dẹ́kìn, 40 fún òpó, 50 fún ẹsẹ̀ òpó, ìyẹn ìpìlẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ṣà nílẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Irin tó bá kan pákó ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà, pàápàá lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá da dẹ́kìn, kí wọ́n bomi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí igi àti páìpù abẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 14, ti bíìmù ńlá fún ọjọ́ 21. Kọngílá tó fẹ́ fi pákó kan náà ṣe ilé mìíràn á máa kánjú. Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí: wọ́n á to búlọ́ọ̀kù ògiri òkè jọ sójú kan lórí dẹ́kìn tuntun. Ipele márùn-ún búlọ́ọ̀kù inch mẹ́sàn-án lé ní tọ́ọ̀nù kan lórí mítà kan níbùú lóòró. Kílò 300 ni a ṣírò fún ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dà á. Kí wọ́n tò ó káàkiri, lẹ́bàá òpó àti bíìmù.

Ilẹ̀ wá kù. Ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń fún ilé ìwé ni ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́: ààtàn tí wọ́n ti dí, àbàtà, etí odò. Òpó wa tó gbé tọ́ọ̀nù 65, bí ilẹ̀ pupa líle bíi ti ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn bá lè gbé tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà kan níbùú lóòró, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ mítà 2.1 sí 2.1. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ rírọ̀ tí kò gbé ju ìdajì ìyẹn lọ, ẹsẹ̀ náà di bíi mítà 3 sí 3, yóò sì wọnú ẹsẹ̀ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà ní mítà 2.4 sí i. Nígbà náà, kọnkéré kan ṣoṣo tó tẹ́ kárí abẹ́ ilé, tàbí kí wọ́n gún òpó wọlẹ̀ lọ bá ilẹ̀ líle, ló kù. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú mọ èyí tí yóò jẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ ihò àyẹ̀wò, kí ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ilẹ̀ wò kọ èsì rẹ̀, kí ẹnjiníà rí i kó tó fa ìlà kan. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n béèrè ibi tí omi ń dé nígbà òjò.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Gbọ̀ngàn àti láíbìrì, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà. Táńkì lítà 5,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù 5, kí ó ní ìdúró tirẹ̀ nílẹ̀. Àtẹ̀gùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí ó wà ní ìpẹ̀kun ilé méjèèjì, kí ó fẹ̀ tó mítà 1.5. Ilé tó bá gùn ju mítà 45 lọ, kí wọ́n pín in sí méjì, kí òpó méjì dúró tira níbi tó pín, kí àyè mílímítà 25 wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tó bá ṣẹ́ kọ́nà. Bí wọn kò bá pín in, òun fúnra rẹ̀ yóò pín ara rẹ̀, ibi tó wù ú ni yóò sì ti là. Ní ti òrùlé tí ìjì oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ń ká lọ lọ́dọọdún, ìṣó àti wáyà tí wọ́n fi ń di pákó mọ́ ògiri kò tó: kí wọ́n ri bóòtù 12mm mọ́ inú bíìmù òkè ògiri nígbà tí wọ́n ń dà á, kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè pákó mọ́ ọn.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni pé kí wọ́n má san owó ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó rí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ àti àwòrán irin tí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, fi èdìdì tẹ̀. Àwòrán ilé tí ayàwòrán yà kì í ṣe àwòrán irin. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó fún ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì rò pé èkejì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má sì san owó àjà kejì kí wọ́n tó rí èsì kọnkéré àjà kìíní. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń da òpó tàbí dẹ́kìn, kí wọ́n bu kọnkéré sínú àpótí irin kékeré mẹ́fà tó jẹ́ mílímítà 150 ní gbogbo ìhà, kí wọ́n kó o sínú omi, kí wọ́n fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ keje, mẹ́ta ní ọjọ́ 28. Èyí tí yóò dé 25 ní ọjọ́ 28 yẹ kó ti dé 16 tàbí 17 ní ọjọ́ keje. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ wà ní ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìjọba ní Èkó, ó sì wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì àti pólì wa. Fún àwọn ilé ìwé tí wọ́n ti gbé òkè lé láìní àwòrán kankan, kí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rán ẹnjiníà lọ nígbà ìsinmi, kí wọ́n gbẹ́ kọnkéré díẹ̀ lára òpó ìsàlẹ̀, kí wọ́n tú ẹsẹ̀ òpó méjì tàbí mẹ́ta wò, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí èsì kò bá ti dára.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin akọ̀ròyìn fúnra yín. Nígbà míì tí ẹ bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí kíláàsì tuntun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ orúkọ àwọn tó dáwó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ béèrè orúkọ ẹnjiníà tó ṣírò rẹ̀ àti iye tí kọnkéré rẹ̀ dé ní ọjọ́ 28, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìròyìn náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹnjiníà ilé kan, Ìbàdàn